Ojú Tó Wà Lábẹ́ Ìbòjú Aṣọ́ Èbúté

Ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọlé dé ibi àpótí onígíláàsì ìsàlẹ̀, mo sì sáré kó àwọn ère tó wà níbẹ̀ gun orí káńtà. Ọpẹ́ ni pé kò sí èyí tó bàjẹ́. Kwan, tó ń ta rọ́bọ́ọ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, bá mi nu ilẹ̀, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí Shan, ẹ̀yin nìkan lobìnrin tó ń gba ọmọláńgidi là nínú omi ní gbogbo Mong Kok, tí báàgì ẹ̀ sì wà nílẹ̀ níbẹ̀." Báàgì mi ti tutù rinrin lóòótọ́.

Ère Aṣọ́ Èbúté ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ère ní Kwun Tong ní èmi ni àwọn máa kọ́kọ́ fún kí n yẹ̀ ẹ́ wò. 2,280 dọ́là! Fún akọni àtijọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Èmi rántí eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo rántí ìbòjú aláwọ̀ ewé, àti bó ṣe máa ń fò láti orí ọkọ̀ ojú omi kan bọ́ sórí òmíràn. Ojú rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó rántí. Ìgbà kan ṣoṣo ló ṣí ìbòjú, ní apá tó kẹ́yìn eré náà, wọ́n sì ti gba nǹkan mìíràn lé téèpù yẹn lórí.

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, Sátidé



Mo tan kámẹ́rà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó ń wò mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀, torí wọ́n fẹ́ràn kí n máa bú nǹkan, oṣù tó kọjá ni mo sì fún ère akọni oníná kan ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo ya páálí. Mo yin bàtà rẹ̀: awọ gidi ni. Mo bú oríkèé orúnkún rẹ̀: ó gan ju bó ṣe yẹ lọ, tí èèyàn bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á kán. Aṣọ òjò rẹ̀ bọ́ sí i lára dáadáa. Ni mo bá yọ orí oníbòjú kúrò, mo mú orí kejì jáde nínú ọ̀rá, èyí tí kò ní ìbòjú, mo fi sí ọrùn rẹ̀, mo sì yí i síwájú kámẹ́rà.

Ọkọ mi ni.

Mi ò ní ó jọ ọ́ o. Lap ni! Iwájú orí rẹ̀ tó yọ síta, ẹnu rẹ̀ tí kì í pa dé tán, ojú òsì tó kéré ju ti ọ̀tún lọ. Àní etí òsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká wọnú bí ewé tí oòrùn pa. Ojú tí mò ń rí lórí ìrọ̀rí láràárọ̀ ló wà lórí ère tí kò ga ju apá mi lọ, tó ń wò mí.

Kwan ló figbe ta lẹ́yìn kámẹ́rà: "Yéè! Ṣé ọkọ yín ti fi iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ ni? Ó ti wá ń ta ara ẹ̀?"

Gbogbo àwọn tó ń wò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ Lap, torí ó máa ń gba ẹ̀yìn mi kọjá ní Sátidé tó bá gbé oúnjẹ wá fún mi. "Ẹ fún ọkọ yín ní máàkì!" "Orúnkún Ọ̀gbẹ́ni Lap náà gan báyẹn?" Mo pa kámẹ́rà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí Lap wọlé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wù tó ti mu òógùn yó, mo gbé ère náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo núdù rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró. Ó wò ó títí.

"Wọ́n jí ojú mi," ó wí.

"Ta ló máa jí ojú ẹ? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣebí wọ́n ń tà á ní ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là!"

Ó gbé e lọ síwájú dígí nínú balùwẹ̀. Mo gbọ́ tó pariwo níbẹ̀: "Àní etí, Shan! Àní etí!"

Ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà

Lap fẹ́ lọ bá ilé-iṣẹ́ náà jà. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe Mísì Yip, ọmọbìnrin tó máa ń fi ère ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀rù bà á lórí fóònù.

"Màdáàmù Shan, a ò jí ojú ẹnikẹ́ni o. Ojú Ọ̀gbẹ́ni Luk Siu-fung ni, ẹni tó ṣe Aṣọ́ Èbúté. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló kó fọ́tò fún wa."

"Ó ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà ní erékùṣù Cheung Chau. Àwọn ni wọ́n máa wá fọwọ́ sí páálí lọ́jọ́ tá a bá gbé e jáde."

Ó fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan jókòó ní orí ọkọ̀ ojú omi, ìbòjú wà lórí itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ya fọ́tò náà. Ká ní mo rí i nínú àpótí fọ́tò wa ni, mo máa ní, "Lap, ìgbà wo lo dé ibí?"

Lap béèrè pé ọdún wo ni wọ́n yà á. Mo ní 1982. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí, ó gbé ẹ̀yìn ti fìríìjì.

Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un láti kékeré ni pé atukọ̀ ni bàbá rẹ̀, òkun ló gbé e lọ kí wọ́n tó bí i. Fọ́tò kan ò sí. Orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́.

"Àwọn èèyàn máa ń jọra," ni mo wí.

"Ìwọ lo máa ń sọ ọ́ nínú fídíò pé kí wọ́n wo etí," ó dá mi lóhùn. "O ní tí etí bá ti bá a mu, òun náà nìyẹn."

Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà

Òjò. Lap tún dúró síwájú dígí, ó ń wo etí rẹ̀.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà

A lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Shek Kip Mei. Màámi ti se ẹja, ẹja náà sì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí torí ìjì tó ń bọ̀, àwọn apẹja ò jáde. Mo ti bẹ Lap lójú ọ̀nà pé kó jẹ́ ká jẹun tán. Kò dúró. Bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé àwo kalẹ̀ báyìí ló yọ ère náà nínú báàgì, ó gbé e sí àárín tábìlì.

Mo rò pé wọ́n á kígbe. Wọn ò kígbe. Wọ́n wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó kan ilẹ̀kùn láìsọ pé òun ń bọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n na ọwọ́, wọ́n da ojú ère náà bolẹ̀ jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń yọ egungun ẹja fún ọmọ wọn, ọmọ ẹni ọdún méjìlélógójì.

"Jẹun."

"Màámi, ta nìyẹn?"

"Mo ní kó o jẹun, Lap. Ẹja ń tutù."

A jẹ ẹja náà tán, a sì dìde. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ lo gbé e wọlé?" Ọwọ́ wọn tutù nínú ooru yìí. Mo rántí pé mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, bóyá wọ́n wo Aṣọ́ Èbúté rí. Wọ́n ní àwọn ò ní tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn.

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà

Màámi ò gbé fóònù Lap.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín ti di ìbínú. Àwọn tó ti san àsansílẹ̀ ń sọ pé ilé-iṣẹ́ náà rẹ́ àwọn jẹ, pé àwọn sanwó Aṣọ́ Èbúté, ojú ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni wọ́n fún àwọn. Ta ló rántí ojú Luk? Kò sí. Ta ló mọ ojú Lap? Gbogbo wọn. "Ẹni tó ya ojú yẹn kàn jí i nínú fídíò Shan ni." Ilé-iṣẹ́ náà fi fọ́tò àtijọ́ síta, àwọn èèyàn ní fọ́tò irọ́ ni, kọ̀ǹpútà ló yà á. Wọ́n ń dúró de èmi kí n sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà

Àmì ìjì kẹjọ láti àná, èyí tó ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé. Gbogbo ọjà tì. Lap ti lọ lẹ téèpù mọ́ ojú fèrèsé ìyá rẹ̀ kí ìjì tó dé, ọkọ̀ sì dáwọ́ dúró, kò lè padà. Èmi nìkan ló wà nílé pẹ̀lú àwọn ère mi. Afẹ́fẹ́ ń gbá ògiri bí ẹni tó fẹ́ wọlé tipátipá. Mo da aṣọ bo Aṣọ́ Èbúté. Mi ò lè máa bá ojú yẹn jókòó pọ̀ nígbà tí olójú ò sí nílé.

Ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà

Lap dé. Igi ti wó kalẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Mo se ìrẹsì olómi fún un. Ó ń rò ó, kò mu ún. Ó wá ń sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè.

Màámi ti sọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń ránṣọ nígbà yẹn. Aṣọ òjò akọni yẹn, àwọn ló ń tún un rán, torí ojoojúmọ́ ló ń ya nígbà tí Luk bá ń fò. Luk níyàwó. Kò fi pa mọ́ fún wọn. Nígbà tí Màámi rí i pé àwọn ti lóyún, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, wọn ò sì sọ fún un. Kò mọ̀ títí dòní.

"Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ fún mi pé ó kú," Lap wí. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mi ò mọ̀."

"Wọ́n ní, 'Mo pa á kó o lè sùn. O máa ń jókòó sójú fèrèsé nígbà tó o wà lọ́mọdé, o ń wo gbogbo ọkùnrin tó ń kọjá. Ọjọ́ tí mo sọ fún ẹ pé ó ti kú, o sùn.'"

Ó wá gbé àwo náà, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà bí oògùn.

Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ohun tó lè fara pa mọ́ fún mi lójú ère. Mo ti jókòó níwájú obìnrin yẹn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mò ń ròyìn akọni fún un.

Ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà

Mísì Yip wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí Lap wá dúró ti Ọ̀gbẹ́ni Luk lọ́jọ́ ìgbéjáde, kí àwọn èèyàn rí àwọn méjèèjì, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ sì tán. "Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, màdáàmù. A máa fún wọn ní nǹkan." Kò mọ nǹkan kan! Mo ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo ní rárá.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ẹni tó ya ojú náà, Ko Yat-long, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ó fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe é. Wọ́n ti ń pè é ní olè káàkiri. Àwọn ọ̀gá ní tí ọ̀rọ̀ yìí ò bá rọlẹ̀, àwọn á lé e lọ, àwọn á sì fọ́ gbogbo orí tó ti jáde. "Ẹ̀yin ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹ kàn sọ pé ojú náà péye."

Bí mo bá sọ pé ó péye, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè dáhùn tí mi ò ní tú ìyá ọkọ mi sí ìta gbangba. Bí mo bá sì dákẹ́, mo ti bá wọn pe ọmọ tó ṣe iṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo rí rí lólè.

Mo sọ fún Lap. Ó ní, "Ṣe ohun tó o bá rí i pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n má dárúkọ Màámi." Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe méjèèjì? Ó wọ bàtà, ó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, Sátidé

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mo ti pinnu. Mo fẹ́ sọ pé ojú náà péye, kí wọ́n má bi mí léèrè, kí ẹni tó bá fẹ́ bú mi máa bú mi. Mo tan kámẹ́rà. Mi ò tíì kí wọn tán nígbà tí mo gbọ́ ohùn Kwan lẹ́nu ọ̀nà: "Màámi, òkè lẹ ó lọ o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aṣọ. Ère la ń tà níbí."

"Mo mọ̀ pé ère lẹ̀ ń tà. Yẹra fún mi."

Ìyá ọkọ mi ni. Agboòrùn wọn ń kán tótó sórí ilẹ̀. Wọn ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì na ìka sí kámẹ́rà.

"Ṣé àwọn èèyàn ń gbọ́ mi nínú nǹkan yìí?"

"Wọ́n ń gbọ́ yín, Màámi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́…"

"Àwọn aládùúgbò fi hàn mí lórí fóònù nísàlẹ̀ ilé wa. Wọ́n ní ọmọ kan jalè." Wọ́n gbé ère náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ aṣọ òjò rẹ̀ kó tẹ́jú. "Orúkọ mi ni Tong Sau-ngo. Èmi ni mo ń rán aṣọ Aṣọ́ Èbúté. Bí ojú Luk Siu-fung ṣe rí lọ́dún yẹn gan-an nìyí. Ọmọ tó ṣe é ò jalè. Tẹ́ ẹ bá ní ó jọ ọmọ mi, kí ni kò ní jọ ọ́ fún?"

Kwan fi ọwọ́ bo ẹnu.

Màámi dìde, wọ́n gbọn agboòrùn. "Òkè lo ní wọ́n ti ń ta aṣọ?" wọ́n bi Kwan. Wọ́n gòkè lọ!

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wò ya lù mí bí omi. Mo ní, "Máàkì mẹ́sàn-án. Orúnkún ló gba ọ̀kan." Mo pa kámẹ́rà, mo sì gbé orí lé káńtà.

Orí òrùlé kan ní To Kwa Wan ni Lap wà. Oníbàárà rẹ̀ ló na fóònù sí i pé kó wá wo ìyá kan. Ó pè mí.

"Shan, ṣé Màámi nìyẹn?"

"Àwọn ni."

"Níwájú gbogbo èèyàn?"

"Níwájú gbogbo èèyàn."

Ó ní, "Wọ́n wọ ẹ̀wù búlúù òde wọn yẹn," ó sì pa fóònù.

Ọjọ́ 1, oṣù Keje

Mísì Yip pè. Ohùn rẹ̀ kéré. Wọn ò ní lé Ko Yat-long mọ́, àsansílẹ̀ sì ti tún ń wọlé. Ó wá ní ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Luk ti fi fídíò náà hàn wọ́n. Wọ́n ní kó tún un fi hàn àwọn. Wọ́n tún ní kó tún un fi hàn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó jáde nínú yàrá. Ìyàwó wọn ti kú ó ti pẹ́. Wọn ò bímọ.





Lap ní òun ò lọ síbi ìgbéjáde kankan. Màámi ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ti sọ tèmi."

Ọjọ́ 8, oṣù Keje

Ooru burúkú. Ẹ̀rọ amúlétutù ń bàjẹ́ káàkiri, Lap ò ráyè jókòó. Níbi tó ti ń tú okùn bàtà rẹ̀ ló ti ṣàdédé ní, "Ká ní mo lọ, kí ni mo máa sọ?" Ó bọ́ bàtà náà, ó wọlé lọ wẹ̀.

Ọjọ́ 12, oṣù Keje, Sátidé

A lọ síbi ìgbéjáde náà.

Mísì Yip fẹ́ mú wa gba ẹ̀yìn wọlé, Lap kọ̀. Ó ní òun á tò bíi gbogbo èèyàn. Wọ́n fẹ́ fún un ní páálí lọ́fẹ̀ẹ́, ó kọ̀, ó ra tirẹ̀. Ìlà náà yí àárín ilé ìtajà ńlá náà po. Àwọn kan mọ̀ wá, wọ́n ń gbún ara wọn nígbọ̀nwọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kwan wà lẹ́yìn wa.

Mo rí Luk láti òkèèrè. Irun rẹ̀ ti funfun tán, ojú rẹ̀ sì ti hunjọ. Ká ní mi ò mọ̀ ni, mi ò ní dá a mọ̀. Fífò yẹn ti ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Kò dìde fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún tó wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ń béèrè orúkọ, ó ń kọ ọ́ sórí páálí, ó ń tẹrí ba, èyí tó kàn.

Ó kàn wá. Lap gbé páálí kalẹ̀. Bàbá náà ò gbójú sókè.

"Orúkọ ta ni kí n kọ?"

"Tong Chi-lap."

Ó kọ Tong. Bírò dúró síbẹ̀. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, láti bẹ́líìtì Lap dé àyà rẹ̀, dé àgbọ̀n, dé ojú. Mi ò rí ojú ọkọ mi láti ibi tí mo dúró sí. Mo rí ti bàbá náà, mo sì ní láti wo ibòmíràn.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó ń dìde. Mísì Yip sáré wá láti gbé e dúró, bàbá náà tì í sẹ́yìn. Tábìlì ń mì, bírò yí bọ́ sílẹ̀. Ó dìde tán, ó di ọrùn ọwọ́ Lap mú.

"O ga jù mí lọ," ó wí.

Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ ṣe kíá, jọ̀ọ́!"

"Panu ẹ mọ́!" Kwan ló dá a lóhùn.

"Ẹ jókòó, bàbá," Lap wí. "Ẹsẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Jẹ́ kí n wò ẹ́."